Ìkòkò Ẹlẹ́nu Wíwọ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti tún ń bá gbogbo ilé jà.

Níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo ya ìkòkò sójú pátákó, ẹnu rẹ̀ wọ́. Àfi bí gbogbo kíláàsì ṣe ya ìkòkò ẹlẹ́nu wíwọ́! Mo pa á rẹ́, mo ní kí kálukú ya bàtà ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ gbé tiẹ̀ wá: "Àǹtí, ẹ̀gbẹ́ kan ló ti jẹ, torí ìyá mi ń tiro."

Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, mi ò lè ṣe iṣẹ́ báǹkì tí wọ́n bá mi wá yẹn mọ́. Bàtà ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́run á mú yín fayọ̀ délé.

Èmi àbúrò yín,
Tíṣà.