Ìgbà Òjò Ni Wọ́n Wá Wo Èéfín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Irọ́ ni pé mo na òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo ohun tí mo sọ ò ju pé, “Ọ̀gá, ẹ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ẹ mọ̀ pé àárín òkè ni ìlú wa wà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì kì í ríbi gbà jáde títí dọ̀sán. Gbogbo àdúgbò ló ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn tí mo kọ. Ìgbà òjò ni òṣìṣẹ́ ìjọba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò ó, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó ní, “Èéfín ọ̀hún dà?”

Onígbàjámọ̀, tó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi, ó sọ fún ọ̀gá náà pé: “Ẹ má dá a lóhùn, wàhálà ló fẹ́ràn.”

Mo wẹ̀yìn kí n ka àwọn tó dúró tì mí. Ìyá wa nìkan ni mo rí. Mi ò kà mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀dọ̀fóró Ìyá ò lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú wọn kí òjò tó dá. Wọ́n á ní àwọn ò lọ. Ẹ ṣáà gbé wọn.

Èmi ò ní kúrò. Lẹ́ẹ̀rùn, onígbàjámọ̀ á tún wá kanlẹ̀kùn pé kí n kọ̀wé míì. Màá kọ ọ́.

Kí èémí yín máa lọ geere.

Àbúrò yín.