Ẹ Kọ Orúkọ Mi Sábẹ́ Ti Ọkọ Mi Kí Oògùn Mi Tó Tán

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Adójútòfò Ìlera,
Ọ́fíìsì Ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ORÚKỌ MI TÍ Ẹ YỌ NÍGBÀ TÍ MO ṢÈGBÉYÀWÓ

Ìwé mi kò pọ̀, ojú sì ń tì mí láti kọ̀wé sí àgbà. Ẹ bá mi fara dà á. Ìwé ẹ̀sùn ni mo ń kọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè fajú ro.

Wọ́n bí mi mọ́ kòkòrò HIV ni. Láti kékeré ni mo ti ń lo oògùn rẹ̀, lábẹ́ adójútòfò bàbá mi tó jẹ́ kápẹ́ńtà ilé-ìwé. Oògùn náà bá mi lára mu débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í rí kòkòrò náà mọ́. Orí bẹ́ǹṣì ibi tí a ti ń gba oògùn ni mo ti pàdé ọkọ mi, awakọ̀ búrẹ́dì. Oògùn kan náà la ń lò. Ó ní kí n sún mọ́ òun kí àyè lè gba ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bàbá mi mú fọ́tò wa wá fi yangàn ní ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé yín kí i kú oríire, ó yẹ fọ́tò náà wò dáadáa, ó sì yọ orúkọ mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní òfin sọ pé ọmọ tó ti wọlé ọkọ ti kúrò lọ́rùn bàbá. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé àdúrà ni. Nígbà tí ọkọ mi wá ní kí wọ́n kọ mí sábẹ́ tirẹ̀, wọ́n ní ó di ọdún tuntun kí wọ́n tó tún kọ orúkọ, wọn kò sì fún mi ní oògùn mọ́. Bí mo ṣe di àdán nìyẹn: n kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló fà á. Ọkọ mi ń ṣẹ́ oògùn tirẹ̀ sí méjì, ó ń fún mi ní ìdajì. Ó ní ọ̀kan nínú tọkọtaya kì í jẹun kí ẹnìkejì máa wòran. Ìyá ọkọ mi náà ń se egbò igi fún wa mu, ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó tuntun wo ló lè da ife ìyá ọkọ padà? Mo mu ún, mo tún ní ó dùn. Ó bá bu òmíràn.

Nígbà tí ara mi kò yá mọ́, a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ibi tí a ti ń gba oògùn. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà ti tún yọjú lára àwa méjèèjì. Nọ́ọ̀sì wo ọkọ mi, ó ní, "Búrẹ́dì ni kí ẹ máa pín. Oògùn yìí, odidi ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò yóò kọ́ bí a ṣe ń borí rẹ̀." Ó ní àwọn egbò mìíràn tún máa ń lé oògùn jáde lára kó tó ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti sọ fún wa pé mo ti lóyún.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá ń lo oògùn mi déédéé, tí wọ́n sì fún ọmọ náà ní tirẹ̀ bí mo bá bí i, ó ṣeé ṣe gan-an kí kòkòrò má sí lára rẹ̀ rárá. Ọmọ èmi tí wọ́n bí mọ́ ọn! Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló da egbò rẹ̀ nù. Òun ló ń ké sí mi báyìí pé àkókò oògùn ti tó, kò sì ní kúrò níwájú mi títí n ó fi gbé e mì.

Ìgò kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì bá mi wá ni mò ń lò. Kò ní mú mi dé oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ inú mi kò mọ ọdún tuntun, kò sì lè dúró dè é. Mo ń bẹ̀ yín, ìgbéyàwó tó yọ mí lábẹ́ bàbá mi, ẹ jẹ́ kí òun náà kọ mí sábẹ́ ọkọ mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí mo ń retí yín,

Ìyàwó Awakọ̀ Búrẹ́dì,
ọmọ Kápẹ́ńtà Ilé-ìwé.