Apá Òsì Lára Aṣọ Akọrin

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, kẹ́ ẹ bò mí láṣìírí.

Aránṣọ ni mí, mo sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan wà tá a jọ ń ránṣọ, tó ní òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Nígbà tí aṣọ àwa akọrin dé ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún ọ̀gá wa lójú ọkùnrin yìí pé, "Ọwọ́ kèfèrí ò gbọdọ̀ kan aṣọ yìí."

Èmi nìkan ni mo gé e. Àṣé apá òsì ni mo gé fún gbogbo ẹ̀! Ojú kan ṣoṣo ni aṣọ ọ̀hún fi ń dán, kò ṣeé yí padà. Ẹkún ni mo ń sun tí ọkùnrin yẹn fi wọlé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ nujú yín. Ẹ kó àgékù yẹn wá." Ọjọ́ méjì gbáko ló fi bá mi to àgékù pọ̀ di apá ọ̀tún, kò sì jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí ẹni tó fọwọ́ mímọ́ rán aṣọ náà dìde. Èmi nìkan ni mo dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tá a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí pé, "Ṣé apá ẹ̀ bá wọn mu?" Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la tún máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí mo bá jókòó tí mo dákẹ́, nínú àwa méjèèjì, ta ni kèfèrí?