Ta Ló Mu Ọtí Tí Ọkọ Mi San Àlékún Rẹ̀?

Èmi, Noelene Joyce Tregear, opó Kelvin Arthur Tregear, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, tí mò ń gbé ní òpópónà Zephyr ní Hervey Bay, Queensland, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, iyè mi sì jí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá dókítà ní kí n máa ka nǹkan sẹ́yìn láti orí ọgọ́rùn-ún, mo kà á títí òun fúnra rẹ̀ fi ní ó tó. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Àwọn alámòójútó ogún mi ni Brenton, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, àti lọ́yà mi, Ọ̀gbẹ́ni Pettifer. Lọ́yà ti bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí mo ní àti ẹni tí mo fún, kí n má sì da ọ̀rọ̀ inú mi sínú ìwé. Mo gbọ́ o. Àmọ́ òkú kì í bá ènìyàn jà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ja tèmi tán kí n tó lọ.

1. Ilé tí mò ń gbé, pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ tí n kò bá dárúkọ ẹlòmíràn lé, mo fún Brenton. Kó má gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ọdún tí a bí i ni bàbá rẹ̀ gbìn ín. Mo mọ̀ pé àwọn àdán ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

2. Ọkọ̀ ojú omi kékeré onípánù náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo fún Brenton bákan náà. Kò mọ ẹja pa, ìyẹn kò sì ní kí ọkọ̀ má lọ.

3. Bosun, odídẹrẹ́ mi tí àyà rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kí Brenton mú un sọ́dọ̀, kó máa fún un ní hóró òdòdó oòrùn, kó má fún un ní búrẹ́dì. Ẹyẹ yìí ṣì ń fi ohùn Kelvin pè mí láràárọ̀ pé, "Noel! Tíì dà?" Nítorí ìyẹn nìkan ni n kò fi tíì lé e jáde, torí pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bọ́ ọ, kò fìgbà kan tẹ orí ba fún mi kí n họ ọ́ fún un. Ẹ ò bá ti rí i láyé ìgbà tí àbúrò mi ṣì ń wọlé wa! Á tẹ orí, á dijú, á máa súfèé. Àní ẹyẹ.

4. Mo ní ibojì mẹ́ta lórí ìlà kan ní itẹ́ òkú ìlú. Kelvin wà nínú èyí tó kángun sí odi. Èyí tó tẹ̀ lé e ni tèmi. Ẹ̀kẹta, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò ní ẹni tí mo rà á fún. Mo rà á kí ẹnì kan má bàa rí i rà. Kó wà lófìfo títí ayé, kí koríko hù lórí rẹ̀. Tí ìjọba ìbílẹ̀ bá béèrè, kí lọ́yà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni olóògbé fẹ́.

5. Fún àbúrò mi, Dorelle May Cusack ti Maryborough, mo fi ife wáìnì kan sílẹ̀, lófìfo. Kó máa fi rántí ohun tó mu lórí káàdì ọkọ mi.

Brenton, ìwọ kò mọ ìdí gan-an tí àǹtí rẹ kì í fi bá wa jẹun Kérésìmesì mọ́. Gbọ́ ọ báyìí.

Dorelle ni bàbá rẹ kọ́kọ́ bá jó, ní gbọ̀ngàn Maryborough, lọ́dún 1971. Ijó mẹ́ta. Mo jókòó sídìí ògiri pẹ̀lú bàtà tuntun, mo sì ń kà á. Èmi ló fẹ́ níkẹyìn, ó sì fẹ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n ijó mẹ́ta yẹn kò kúrò lójú mi rí.

Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ogójì ọdún, lọ́dún 2013, a wọ ọkọ̀ òkun láti Brisbane lọ sí Nouméa àti Vila láàárín àwọn erékùṣù òkun Pacific, alẹ́ mẹ́sàn-án. Kelvin ló ní ká mú Dorelle dání, pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Àánú! Mo ní kò burú. Yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa gan-an.

Ètò ọtí àsansílẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. O san iye kan lójúmọ́, o sì lè mu ohun tó wù ọ́, bí ife kan kò bá ti ju dọ́là mẹ́wàá lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, wọn ò ní kí o má mu ún o. Àlékún tó wà lórí dọ́là mẹ́wàá nìkan ni wọn yóò kọ sórí káàdì yàrá rẹ. Ẹni méjì tó bá sì jọ ń sùn nínú yàrá kan, bí ọ̀kan bá ra àsansílẹ̀, dandan ni kí èkejì rà. Torí bíà Kelvin ni wọ́n ṣe fi túláàsì tà á fún èmi tí ife wáìnì kan tó fún lóòjọ́. Inú bí mi débi pé mo búra níwájú Kelvin àti Dorelle pé wọn kò ní gba àlékún kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi títí a ó fi padà.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èmi àti Kelvin a lọ jókòó síbi ìtọtí tó wà ní ìdí ọkọ̀. Arnel, agbọ́tí ibẹ̀, ọmọ Philippines, a gbé bíà wá fún un, a sì gbé wáìnì tó ń hó, tó ń yọ ìfóófòó, wá fún mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Tiyín rèé, ti inú àsansílẹ̀." Dorelle kì í sí níbẹ̀ ní wákàtí yẹn, ìdí tẹ́tẹ́ bíńgò ló ń wà. Nígbà tó bá yá ni yóò dé tòun ti ọtí àpòpọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pẹ̀yìnbó há létí, èyí tó ń san àlékún lé lórí lójoojúmọ́ bí ọmọ olówó.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Dorelle, owó òmùgọ̀ lò ń san yẹn. Tèmi wà nínú àsansílẹ̀, ó sì dùn ju gbogbo ọ̀pẹ̀yìnbó rẹ lọ. Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó wo Kelvin. Ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ẹ mà mọ nǹkan gidi o!" Mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì: ọkọ mi fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Mo mu wáìnì mi tán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìṣísẹ̀ Kelvin láti yàrá dé ibi ìtọtí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ìwé ìnáwó yàrá wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kelvin sáré dìde láti mú un, àmọ́ mo ti jí. Gbogbo ohun tó wà nínú àsansílẹ̀, òdo ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlékún wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí káàdì Kelvin. Wọn ò kọ orúkọ ọtí sí i. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi, torí pé inú àsansílẹ̀ ni tèmi wà.

Mo ní, "Kí nìyí?"

Ó ní, "Bíà ilẹ̀ òkèèrè ni. Mo kàn tọ́ ọ wò ni, ìyàwó mi."

Ọkùnrin tó ti ń mu bíà Queensland kan náà láti ogójì ọdún! Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ọtí àsansílẹ̀ kò tó fún.

N kò bi í léèrè mọ́. Owú ò jẹ́ kí n béèrè, ó sì ń bà mí lẹ́rù pé yóò dáhùn. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ó ṣubú lẹ́bàá igi máńgòrò, kò dìde mọ́. Níbi tíì tí a mu lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Dorelle ń sunkún ju èmi tí mo ni ọkọ lọ, ó sì dì mọ́ àwòrán rẹ̀. Ìyẹn ni n kò lè gbà. Mo pè é ní olè níwájú àlùfáà àti gbogbo àwọn tó wá.

Ó ní, "Noel, o ò mọ ohun tí ò ń sọ. Mo ti ṣèlérí fún un ni. Lọ tú ẹrù ọkọ ẹ wò."

Ìlérí! Ọkọ mi ń gba ìlérí lọ́wọ́ ẹ! Mo ní kí ló kàn án pẹ̀lú ẹrù ọkọ mi, mo sì ní kó jáde. Nítorí pé ó ní kí n tú u, n kò tú u. Ọdún kọkànlá ń lọ nìyí.

6. Àwo ńlá tí mo máa ń gbé kéèkì ẹyin sí wà lọ́wọ́ Dorelle láti ọdún 2012. Àwọn alámòójútó ogún mi gbọ́dọ̀ gbà á padà.

7. Àpótí ìpẹja Kelvin, mo fún Brenton. Lọ́yà ní kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tíì ṣí i láti ọjọ́ tó kú. Mò ń lọ ṣí i báyìí.

8. Ọjọ́ kejì ni mo padà sídìí ìwé yìí. Ọpọlọ mi ṣì pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sùn.

Ohun tó wà nínú àpótí náà: ìwọ̀ mẹ́rìnlélógójì; okùn ìpẹja; ọ̀bẹ kan tó ti dógùn-ún; àti rìsíìtì méje tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wọn. Ibi ìtọtí ìdí ọkọ̀ ni. Wáìnì tó ń hó, láti Tasmania, ife kan, dọ́là mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Àsansílẹ̀ gbé mẹ́wàá, àlékún mẹ́ta àti ààbọ̀. Kelvin ló fọwọ́ sí i. Alẹ́ mẹ́sàn-án la lò lórí omi, rìsíìtì sì jẹ́ méje, torí pé òkun ru ní alẹ́ méjì, mo dùbúlẹ̀ sí yàrá pẹ̀lú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò mu nǹkan kan.

Arnel kọ̀wé sẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn: "Ọ̀gá Kelvin, màdáámù kò tíì mọ̀ o. Lónìí wọ́n ní kò sí ọkọ̀ òkun tí wáìnì pọ́ọ́kú ibẹ̀ dùn tó tiwa. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa mí. Ọlọ́run á bá yín dá ìgbéyàwó yín sí."

Obìnrin tí mo ti ń jowú rẹ̀ láti ọdún méjìlá, tó jókòó ti ọkọ mi, tó ń mu ọtí tó ju àsansílẹ̀ lọ, èmi ni.

Mo tẹ Dorelle láago. Ó gbé e kíá.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ti ṣí àpótí ìpẹja."

Mo gbọ́ tó fa imú. "Áà, Noel! Látọdún yìí wá! Àpótí tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ!"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ó ní tó o bá mọ̀ pé àlékún wà lórí ẹ̀, á kan lẹ́nu ẹ, o ò sì ní mu ún mọ́. Ó ní kí n jẹ́ kó o máa yangàn ẹ lọ. Ẹni tó bẹ̀ mí sì ti kú, ta ni kó wá tú mi sílẹ̀? Àti pé ìwọ náà, o pè mí lólè."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Níwájú àlùfáà! Tòun ti ṣíbí lọ́wọ́!"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́, ó sì béèrè àlàáfíà Bosun. A jọ sunkún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó, owú náà tún dé, owú tuntun. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó tóbi jù tí ọkọ mi sọ nípa mi, Dorelle ló sọ ọ́ fún. Ọdún méjìlá ló fi mọ bí Kelvin ṣe fẹ́ràn mi tó, èmi tó ni ín kò mọ̀. Mo dárí jì í. Mo tún ń jowú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wà nínú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kí lọ́yà má yọ ọ̀kankan kúrò.

9. Nítorí náà mo fagi lé ìpín karùn-ún àti ìkẹfà. Ife wáìnì mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ti Dorelle. Kó máa lo àwo náà lọ. Níbi tíì ìsìnkú mi, kí wọ́n bu wáìnì Tasmania yẹn fún un, kí ẹnikẹ́ni má sọ iye tí wọ́n rà á.

10. Mo fagi lé ìpín kẹrin pẹ̀lú. Mo fún Dorelle ní ibojì kẹta, kò gbọdọ̀ lọ sùn láàárín àjèjì. Àmọ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Pettifer kọ èyí ní lẹ́tà gàdàgbà: Kelvin lẹ́bàá odi, Dorelle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èmi láàárín. Ì báà kú ṣáájú mi, àyè mi kò gbọdọ̀ yí. Ijó mẹ́ta tó.

Mo fọwọ́ sí i ní Hervey Bay, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2025, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò ní ogún kankan níbẹ̀.

Noelene Joyce Tregear

Ẹlẹ́rìí kìíní: Averil Stubbings, aládùúgbò
Ẹlẹ́rìí kejì: Tomasi Vakaloa, aládùúgbò