Bàbá Yín Fi Tépù Wọ̀n Mí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ mi kéékèèké tó ń sọ ilé yín di ọjà. Mo lérò pé ara yín le koko bí ọta, pé iṣẹ́ ò sì pa yín lára jù. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tí ìwọ náà mọ̀. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Bàbá yín ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń gbá pálọ̀, ó yọ sí mi, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o sùn dáadáa?" Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. O mọ bàbá yín. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, "omi ìwẹ̀ dà?" ni ẹ káàárọ̀ tirẹ̀. Mo ní mo sùn. Ó mi orí, ó dúró bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé èyí tó kù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àtìgbà náà ni nǹkan ti dàrú mọ́ mi lójú. Ó fọ abọ́, ọṣẹ ṣì wà lára gbogbo rẹ̀, mo tún un fọ̀ nígbà tó jáde. Ó ní kí n jókòó kí òun bá mi gé àlùbọ́sà, omi ń dà lójú rẹ̀, n ò mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ni àbí ẹkún. Àbúrò mi obìnrin ní ọkùnrin tó bá ṣàdédé di onínúure, ó níbi tó ti ń ṣe é wá. N ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Òórùn pákó nìkan ni mo gbọ́.

Ìgbà tó wá mú tépù jáde ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó ní kí n dúró nídìí tábìlì ìdáná, ó wọn ẹsẹ̀ mi, ó wọn ìdí mi, ó wọn apá mi. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni?" Ó ní, "Dúró jẹ́ẹ́."

N ò lè dúró jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ lọ nígbà tí mo mọ̀ pé ó ti lọ ra pákó. Ọkùnrin tó ń kun àga, tí wọ́n ń pè ní Dángbinrin, ló wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ọ̀gá wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin la fẹ́ wá bi." Ó wá ṣàlàyé pé káfíńtà méjì tó dáńgájíá jù ló fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá yín bi wọ́n pé kí ni òun ṣe fún wọn. Èyí àgbà ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ orúkọ gbogbo igi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ ò mọ orúkọ ọmọ ẹnì kankan nínú wa." Bàbá yín jókòó sórí pákó títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Àtọjọ́ náà ló ti ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn. Nígbà tí ìyàwó Dángbinrin ń rọbí, bàbá yín ló fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó gbé e lọ sí ọsibítù, tó sì jókòó síta títí ọmọ fi ké. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ ti padà báyìí.

Mo délé, inú mi dùn, inú mi tún bàjẹ́. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ràn, tó wá bù díẹ̀ wálé fún mi? Àbí èmi ló ń fi kọ́ṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n ò rí ojútùú.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé àga gíga kan wọlé, òun ló ṣáájú. Ó gbé e sídìí tábìlì ìdáná. Mo jókòó, ẹsẹ̀ mi ríbi tẹ̀, ọwọ́ mi dọ́gba pẹ̀lú tábìlì, orúnkún ò dùn mí. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ bó o ṣe ń kérora níbí. N ò kàn mọ ohun tí èèyàn ń sọ sí i ni." Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn. Bàbá yín dààmú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yẹ àga wò bóyá ìṣó ló gún mi.

Ọmọ mi, ilé rẹ á tù ọ́ lára. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn, ìwọ náà kò sì ní pẹ́ kó o tó rí i.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ọ̀rọ̀ bàbá yín ò tíì yé.

Àfikún: Bàbá yín ti gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi. Tó bá pè ọ́, tó sì dákẹ́, má rò pé ẹnì kan ló kú, má sì pa fóònù. Dúró dè é.