Ọ̀pá Igi Tí A Jókòó Lé

                                        Òkè Ilé Aránṣọ, Yàrá Kejì,
                                        Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ àbíkẹ́yìn ti san? Ní tiwa, ara le, a ò sì ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ọkọ dùn. Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀yin náà ti ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín rí.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí igi ni ọkọ mi ń kà. Wọ́n á fi irin oníhò dá igi lu dé ọkàn, wọ́n á fa ọ̀pá kan tó tín-ín-rín bíi lẹ́ẹ̀dì jáde. Ìlà wà lára rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan. Ó gbé ọ̀kan wálé kó gbẹ, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì há a láàárín, ó gbé e lé orí páálí méjì. Òjò lé wa wọlé, à ń rẹ́rìn-ín, a gbàgbé ọ̀pá, a sọ pákó di bẹ́ǹṣì, a jọ jókòó gbì. Ló bá dún kẹ̀kẹ̀.

Mo ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ó ní, "Ìyàwó, agbè gan-an ló fọ́ yìí."

Ìjì ti wó igi yẹn, wọ́n ti là á, kò sí ibi tí yóò ti rí òmíràn fà. Ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Awò nítorí dígí amú-nǹkan-tóbi tó máa ń so kọ́ ọrùn, yóò sì wò ó lọ́jọ́ Ajé kó tó pinnu bóyá ọkọ mi yóò dúró síṣẹ́.

La bá dáwọ́ lé àtúnṣe. Èyí tó lọ́, a fi ooru kẹ́tùlù yá a, a rọra yí i tọ́. Àwọn tó ṣẹ́, à ń fi ìlà wá ẹnì kejì wọn, dúdú mọ́ dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní orí ni ọ̀kan, mo ní ìdí ni.

"Ta ló kọ́ṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, olówó orí mi. Ẹ yí i padà ṣá."

Ó yí i, kò bá a mu, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ibì kan ti kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó fẹ́ fi gọ́ọ̀mù so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí ọ̀gá má baà mọ̀. Mo ní, "Ọdún tó wà láàárín ńkọ́? Ṣé igi náà ò lò ó ni?" Ó lẹ ìyókù mọ́ pákó, ó fi àlàfo sílẹ̀, ó kọ "ó fọ́ níbí" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo bá a lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Awò tẹ dígí mọ́jú.

"Kí ló fọ́ ọ?"

"Èmi àti ìyàwó mi la jókòó lé e, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwa méjèèjì náà la sì jọ tún un tò."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí a máa so àlàfo pọ̀, òun á wá máa ka irọ́. Ó ní kí ọkọ mi dúró síṣẹ́. Ló bá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ kan yọ, ọ̀pá fífọ́ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ náà ń bọ̀ níṣẹ́ lọ́la, wá bá wa to ìwọ̀nyí."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún Màámi pé èmi àti ọkọ mi jọ ń jáde láàárọ̀ báyìí, a sì jọ ń wọlé.

Èmi ni àbúrò yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Ẹlẹ́rìn-ín.