Ẹja Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Mi

Ìkòròdú,
Oṣù Kìíní, 2006.

Màámi,

Ara mi le o. Ikọ́ yẹn ti ń lọ. Mo kàn máa ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé iléeṣẹ́ ni. Ẹ má sọ fún Bàbá.

Dókítà kọ lẹ́tà pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, pé kí wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ oúnjẹ adìẹ nítorí eruku, kí n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ní géètì. Àyè wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ mi ni, mi ò tọrọ àánú. Ọ̀gá Ọláògún kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, inú èéfín ẹja ni wọ́n bí yín sí. Ààrò ìyá rẹ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ jẹ́, kì í ṣe eruku wa." Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì mi.

Ta ló sọ fún un pé ẹ ń yan ẹja? Àwa náà ni. Ọdún mẹ́fà gbáko, gbogbo Iléyá, ẹja yín ni mo fi ń kí i, torí ẹ ní èèyàn kì í kí ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tó ń jẹ ẹ́, kò rántí èéfín. Ọ̀dájú.

Èyí tí ẹ dì wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò gbé e fún un. Iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo jẹ ẹ́ tegungun-tegungun. Ikọ́ dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ń jẹ ẹ́ lọ.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Sìlífátù. Ẹ ní kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jókòó tì yín nídìí ààrò mọ́. Kò sí nǹkan o, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ọmọ yín,
Mọ́ṣúdù